Ìgbà Mélòó Ni Ó Yẹ Kí A Máa Gun Òṣùwọ̀n?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó bẹ̀ wá pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà, nítorí náà a kò ní ṣe bí ẹni tí ó mọ ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ wa, ìṣirò ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí. Ohun tí a fẹ́ dáhùn nìyí: ẹni tí ó bá fẹ́ kí ara òun fúyẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ kí ó máa gun òṣùwọ̀n? Ṣé lójoojúmọ́ ni, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí lóṣooṣù?

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Kì í ṣe kékeré. Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa, tọkùnrin tobìnrin, kó ara wọn jọ láti dín ara kù. Wọ́n dá owó, wọ́n ra òṣùwọ̀n kan, wọ́n sì ṣe òfin pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni tí kò bá fúyẹ́ ju bí ó ti rí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá yóò san owó ìtanràn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé oṣù méjì, arábìnrin kan nínú wa ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ Àìkú, ó sì ń mu àgbo tí ń mú ni yàgbẹ́ ní alẹ́ Àbámẹ́ta, kí ó má baà san ìtanràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣubú lulẹ̀ lójú wa, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n gan-an. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní omi ara rẹ̀ ni ó ti gbẹ. Ẹ gbọ́ o: omi ni ó gbẹ, kì í ṣe ọ̀rá ni ó yọ́. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nínú wọn, àwa ni a sì ń kọ iye kílò olúkúlùkù sínú ìwé. Nítorí náà ẹ̀bi náà kàn wá, ìdí sì nìyẹn tí a fi jókòó wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a má tíì lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a rántí irú ènìyàn tí a jẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó sanra ni a ń pè ní ẹni tí ayé yẹ. Bí a bá pàdé ojúlùmọ̀ tí ó tóbi sí i, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni a ó fi kí i. Bí ó bá sì jò, a ó fa ọwọ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, a ó bi í léèrè lóhùn jẹ́jẹ́ pé kí ni ó ń ṣe é. Àwọn bàbá wa ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìbà tukọ̀, wọ́n pẹja, wọ́n roko; ohun tí wọ́n jẹ lówùúrọ̀, òógùn ti gbé e lọ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwa ńkọ́? A jókòó nínú ọkọ̀ láti Ìyànà Ìbà dé Mile 2, a jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ní Alaba, a tún gun kẹ̀kẹ́ Maruwa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Oúnjẹ bàbá wa ni a ń jẹ, ṣùgbọ́n a kò ṣe iṣẹ́ bàbá wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìrora orúnkún ni ó ń tẹ̀lé e. Àwọn dókítà sì fi yé wa pé bí ẹni tí ó wọ̀n ní 100 kílò bá dín kílò 5 péré kù, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì fi í sílẹ̀ nítorí pé òṣùwọ̀n tàn án jẹ, ohun ńlá ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni òṣùwọ̀n ṣe ń tan ènìyàn jẹ? Kò mọ ìyàtọ̀ ọ̀rá sí omi. Ohun gbogbo tí ó bá wà lórí rẹ̀ ni ó ń wọ̀n: egungun, ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ tí ó wà nínú ikùn, ìtọ̀ tí a kò tíì tọ̀, aṣọ, àti kọ́kọ́rọ́ inú àpò. Ẹ mú omi inú ọ̀rá méjì nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa ní ìkóríta Ìyànà Ìbà. Ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ mu omi méjèèjì, ẹ tún padà gùn ún: ẹ ti fi kílò kan wúwo sí i. Ǹjẹ́ ẹ ti sanra? Rárá o. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi tọ̀ ọ́ dànù.

Iyọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí a bá jẹ ẹja oníyọ̀ tàbí súyà lálẹ́, ara a di omi mú títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì ń ṣe tiwọn pẹ̀lú. Ara a máa tọ́jú díẹ̀ nínú wọn pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú ẹran ara fún ìlò ọjọ́ mìíràn, gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí ó tọ́jú yìí a sì máa di omi bí gíráàmù 3 mọ́ra. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó dá ẹ̀bà dúró fi lè fúyẹ́ ní kílò 2 tàbí 3 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí yóò máa yangàn káàkiri àdúgbò. Bí ó bá sì jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ méjì, kílò náà a padà wálé, òun a sì banú jẹ́. Ìyangàn àti ìbànújẹ́ méjèèjì, lórí omi ni wọ́n dúró. Àwọn obìnrin wa mọ̀ pẹ̀lú pé ara máa ń wú díẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní kúkúrú, ẹni tí kò sanra sí i tí kò sì jò lè fi kílò kan tàbí méjì yàtọ̀ láàárín òní àti ọ̀la.

Ọ̀rá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Agbára tí ó wà nínú kílò ọ̀rá ara kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Oúnjẹ tí àgbàlagbà nílò ní ọjọ́ kan kò ju nǹkan bí 2,000 sí 2,500 lọ. Nítorí náà kí ènìyàn tó lè fi kílò ọ̀rá kan kún ara ní òru kan ṣoṣo, ó di dandan kí ó jẹ oúnjẹ tí ó ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ lé èyí tí ó yẹ kí ó jẹ lọ́jọ́ náà lórí. Kò sí òde ìnáwó kan ní Okokomaiko tí ó lè ṣe èyí, bí ó ti wù kí ìrẹsì ibẹ̀ dùn tó. Bákan náà ni kò sí ẹni tí ó lè yọ kílò ọ̀rá kan ní òru kan. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà ń sọ pé ó dára. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wa wà: ohun tí à ń wá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kò tó ohun tí omi lè gbé sókè tàbí kí ó gbé sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Òfin ìtanràn wa kò bá ọ̀rá jà rárá. Omi ni ó ń bá jà, arábìnrin wa sì ti fi ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ayé. Dókítà ará Ítálì kan wà tí ń jẹ́ Santorio, tí ó kọ́ni ní yunifásítì Padua. Ó so àga mọ́ òṣùwọ̀n ńlá kan, ó ń jókòó lé e, ó sì ń jẹun níbẹ̀. Fún nǹkan bí 30 ọdún ni ó fi ń wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti ohun tí ó ń jáde lára rẹ̀, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1614. Ó rí i pé ohun tí a jẹ tí a sì mu kì í bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lọ tán. Èyí tí ó pọ̀ jù ń gbẹ kúrò lára láìfojúrí. Ẹni tí ó sùn, tí ó jí, ti fúyẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni so àga mọ́ òṣùwọ̀n nílé rẹ̀ o. Ìyàwó kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún wa jù lọ kò wá láti Ítálì. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti wá, láti Ìmèsí-Ilé. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé e dé Ìmèsí-Ilé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í pé ọdún márùn-ún kí wọ́n tó kú. Ìyá kì í mọ̀ pé oúnjẹ kò tó ọmọ òun títí ara ọmọ yóò fi wú tàbí tí yóò fi rù hangogo. Ohun tí Morley ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ń yà wá títí di òní. Ó ṣe káàdì kan tí ó ní àpótí kékeré fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà méjì sórí rẹ̀ bí ọ̀nà tí ń gun òkè, ó sì fi káàdì náà sí ọwọ́ ìyá kí ó máa gbé e lọ sílé. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, wọn a fi àmì kan sí i. Bí wọ́n bá tún wọ̀n ọ́n, wọn a fi òmíràn sí i, wọn a sì fi ìlà so àmì pọ̀ mọ́ àmì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà ìlera. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, kí a tètè wá nǹkan ṣe. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè kà á. Káàdì yìí ti Ìmèsí-Ilé tàn káàkiri ayé, irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síhìn-ín gbé lọ sí kílíníìkì.

Ẹ ṣàkíyèsí pé dókítà náà kò wo àmì kan ṣoṣo kí ó sọ pé ọmọ yè tàbí pé ọmọ kò yè. Ibi tí ìlà dojú kọ ni ó ń wò. Àgbà tí ó fẹ́ dín ara kù, ìlà tirẹ̀ ni kí ó máa sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n bákan náà ni a ṣe ń kà á.

Àwa fúnra wa kọ́ èyí pẹ̀lú ìyà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan kọ́kọ́ sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ wa ń ru, kílò 92 ni wá. A ra òṣùwọ̀n, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́: ní àárọ̀, nígbà tí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, àti nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Ní àárọ̀ 92.0, ní alẹ́ 93.4. A bá ìyá àwọn ọmọ wa jà lórí ọbẹ̀ tí kò ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án a bínú, a ti òṣùwọ̀n sí abẹ́ ibùsùn, a kò sì wò ó mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí a fà á jáde, a ti di 95. Ẹ̀yin ará, a ti ṣe àṣejù, a sì ti ṣe àìṣe rárá, ọ̀kan kò sàn ju èkejì.

Lẹ́yìn náà ni a wá ṣe é bí olùkọ́. Ní àárọ̀, bí a bá ti dé láti ilé ìyàgbẹ́, kí a tó jẹ tàbí kí a tó mu ohunkóhun, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kan náà, a ó gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, a ó kọ ohun tí a rí sínú ìwé, a ó sì bá tiwa lọ. A kò gbọdọ̀ yọ̀, a kò sì gbọdọ̀ bínú. Ní ọjọ́ keje a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi 7 pín in. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ báyìí: 94.8, 94.5, 95.4, 95.9, 95.3, 94.7, 94.6. Èyí tí ó jẹ́ 95.9 nì, ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 665.2; nígbà tí a fi 7 pín in, ó jẹ́ 95.0. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ 93.4. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkàndínlógún, òṣùwọ̀n fi 95.1 hàn wá, èyí tí ó ju ti ọjọ́ kìíní lọ! Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì yẹn nìkan ni a wò, à bá ní a ti ṣiṣẹ́ lásán, à bá sì tún ti òṣùwọ̀n sí abẹ́ ibùsùn. Ní oṣù kẹfà, ìpíndọ́gba wa di 88. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ irú nǹkan yìí wò. Ní 2006, Rena Wing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 314 tí wọ́n ti dín ara kù, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ó má padà. Oṣù 18 ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Nínú àwọn tí a kàn ń fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí 72 nínú 100 ni ó tún fi kílò 2.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sanra padà. Nínú àwọn tí ń pàdé pọ̀, tí a kọ́ láti máa gun òṣùwọ̀n kí wọ́n sì tètè tún ìṣe wọn ṣe bí ó bá ń gòkè, bí 46 péré ni. Nínú àwọn tí a kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń gùn ún lójoojúmọ́ ni ó tún ṣe dáadáa jù. Ẹ fi ojú sí i pé kì í ṣe gígùn nìkan. Ẹni tí ó gùn ún tí kò sì yí oúnjẹ àti ìrìn rẹ̀ padà dà bí ẹni tí ń wo aago tí kò lọ sí ibi iṣẹ́.

Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, kí ó máa gùn ún ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ní àárọ̀, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ ni kí ó máa fi ṣe ìdájọ́. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ kò ní èrè. Ẹni tí nọ́ńbà ojoojúmọ́ bá ń dà láàmú, kí ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Kí ó má ṣe mú ọjọ́ Àìkú tàbí Ajé, nítorí òde Àbámẹ́ta ṣì wà nínú ikùn; Ọjọ́rú tàbí Ẹtì sàn jù. Kí ó má sì dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ títí yóò fi ní àmì mẹ́rin. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó ju oṣù kan lọ ti ti òṣùwọ̀n tirẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Orí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni kí ó wà, kì í ṣe orí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi ti ilé olóògùn, ti ilé ìwòsàn, àti ti àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé e kiri ìgboro wéra. Wọn kò ní fi ẹnu kò. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa tirẹ̀, kí ó gùn ún, kí ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tí omi kún dọ́wọ́, kí ó tún gùn ún. Bí ìyàtọ̀ bá ju kílò 10 lọ díẹ̀, nítorí kẹ́ẹ̀gì, òṣùwọ̀n náà ń sòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rántí pé kílò ni a ń lò nílé. Ọmọ wa kan sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti di méjìlá, ìyá sì figbe ta. Stone 12 ni ó ń wí, kílò 6.35 ni stone kan, nítorí náà ó tó kílò 76, ó sì ń jẹun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Aboyún, kílíníìkì ni kí ó ti máa wọ̀n. Ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà kò gbọdọ̀ máa lé òṣùwọ̀n kiri, ẹ̀yin òbí àwọn ọmọbìnrin, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tí nọ́ńbà bá ń mú kọ oúnjẹ sílẹ̀, kí ó gbé òṣùwọ̀n fún ẹlòmíràn pamọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí dókítà ní kí ó máa wọn ara lójoojúmọ́, ìyẹn ní ìdí mìíràn: omi ni wọ́n ń ṣọ́, bí ó bá sì fi kílò 2 gòkè láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má dúró de ìpíndọ́gba kankan, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò sì gbìyànjú rárá tí ó kàn ń jò, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ó ń tọ̀ ṣáá, tàbí tí ó ń wúkọ́ láìdákẹ́, kí ó má ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Àtọ̀gbẹ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń mú ni jò bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti fagi lé owó ìtanràn. A kò sì ní ka iye kílò ẹnikẹ́ni sókè níwájú àwùjọ mọ́. Arábìnrin wa tí ó ṣubú ti padà sáàárín wa láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní kí a má sọ kílò òun fún ẹnì kankan, a kò sì ní sọ, ṣùgbọ́n ó gbà kí a sọ fún yín pé ìlà òun ń sọ̀kalẹ̀, àti pé òun ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Òṣùwọ̀n náà wà ní yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. A ti fa ìlà sínú ìwé 40 bí ti Ìmèsí-Ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé láìsan kọ́bọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, ni a ó máa ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹun kí ẹ tó dé.